Ẹ́ńjìnì Dísẹ́lì àti Jíà Ọkọ̀: Àwọn Ìbéèrè Tó Máa Ń Wáyé Lemọ́lemọ́ àti Ìdáhùn Wọn

Kí ni iṣẹ́ jíà gan-an láàárín ẹ́ńjìnì àti táyà?

Eré tí ẹ́ńjìnì fi ń yí kò bá eré tí táyà fi ń yí dọ́gba, jíà ni ó sì ń làjà láàárín wọn. Bí ìyípo kan ṣoṣo táyà ọkọ̀ kékeré bá gba mítà 2 lórí ilẹ̀, táyà náà yóò yí ní nǹkan bí ìgbà 833 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan. Ẹ́ńjìnì tó ń gbé e lọ lè máa yí ní ìgbà 2,000 tàbí 3,000 ní àkókò kan náà. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, táyà dúró sójú kan, ẹ́ńjìnì kò sì gbọdọ̀ dúró.

Ìwọ̀n jíà ni iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ní láti yí kí ọ̀pá tó ń jáde láti inú jíàbọ́ọ̀sì, àpótí tí àwọn jíà wà nínú rẹ̀, tó yí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn èyí, ìwọ̀n mìíràn tún wà níbi tí ọ̀pá yẹn ti ń fa iṣẹ́ lé táyà lọ́wọ́. Jíà ìkẹyìn ni a ó máa pè é níhìn-ín. Méjèèjì ni a ń sọ di púpọ̀ kí a tó mọ ohun tó dé ọ̀dọ̀ táyà. Jíà kìíní tó jẹ́ 3.77 lọ́nà jíà ìkẹyìn tó jẹ́ 3.40 jẹ́ 12.8: ẹ́ńjìnì yóò yí ní ìgbà 12.8 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, agbára tí táyà sì fi ń yí yóò tó ìlọ́po 12.8 ti ẹ́ńjìnì, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tó ń ṣòfò bí eyín jíà ṣe ń ha ara wọn. Jíà tí ìwọ̀n rẹ̀ tóbi ni a ó pè ní jíà agbára; èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré ni jíà eré.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín agbára ìyípo àti agbára iṣẹ́?

Agbára ìyípo ni bí ẹ́ńjìnì ṣe lè lọ́ ọ̀pá rẹ̀ le tó. Ẹni tó bá ti fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tó há rí ti mọ̀ ọ́n lára: bí ọwọ́ bá ṣe tẹ sípánà tó, tí sípánà náà sì ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára ìyípo ṣe pọ̀ tó, yálà nọ́ọ̀tì náà yí tàbí kò yí. Nm (Niútọ̀nù-mítà) ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Agbára iṣẹ́ ní tirẹ̀ kó eré mọ́ ọn, nítorí pé ohun tó ń béèrè ni iye iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnì ṣe láàárín àkókò kan. Kìlówáàtì ni òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ẹ fi iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan sọ Nm di púpọ̀, kí ẹ pín èsì rẹ̀ sí ọ̀nà 9,549, kìlówáàtì ni yóò jáde.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ́ńjìnì méjì tí a ó máa padà sọ́dọ̀ wọn. Ti dísẹ́lì ń mú 320 Nm wá ní ìyípo 1,750, èyí tó jẹ́ kìlówáàtì 58.6. Ti bẹntiróòlù ń mú 160 Nm wá ní ìyípo 1,750 kan náà, èyí tó jẹ́ kìlówáàtì 29, ṣùgbọ́n ó ń gòkè dé 200 Nm ní ìyípo 4,000, níbi tí ó ti tó kìlówáàtì 84. Ohun tó yẹ kí a rántí títí dé ìparí ni pé jíà lè sọ agbára ìyípo di púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹyọ kìlówáàtì kan kún ohun tí ẹ́ńjìnì bá mú wá.

Kí ni ó ya ẹ́ńjìnì dísẹ́lì sọ́tọ̀ sí ti bẹntiróòlù?

Rudolf Diesel, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí èrò rẹ̀ ní ọdún 1893, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ yanjú ní Augsburg ní ọdún 1897. Èrò náà ni pé kí písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì, fún afẹ́fẹ́ nìkan pọ̀ títí ooru rẹ̀ yóò fi tó láti dáná sí epo tí a bá fọ́n sínú rẹ̀. Kò sí pílọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Nítorí èyí, ẹ́ńjìnì dísẹ́lì máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po 14 sí 22, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù wà láàárín 9 sí 13.

Ohun mẹ́ta ló jáde láti inú èyí tó kan jíà. Èkíní, agbára tó ń ti písítìn pọ̀, nítorí náà gbogbo ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ nípọn kí ó sì wúwo. Èkejì, epo ní láti rí àyè dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó sì jó tán lẹ́yìn tí a bá fọ́n ọn, èyí kò sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì lè yára yí. Ẹ̀kẹta, kò sí ìlẹ̀kùn tí a fi ń dín afẹ́fẹ́ kù ní ẹnu ọ̀nà ẹ́ńjìnì gẹ́gẹ́ bí ti bẹntiróòlù. Iye epo tí a fọ́n nìkan ló ń pinnu bí ẹ́ńjìnì yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó. Ẹ̀kẹta yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, àfi ìgbà tí wọ́n bá dé orí gẹ̀rẹ́.

Kí ni ìdí tí ẹ́ńjìnì dísẹ́lì kì í fi lè yára yí bíi ti bẹntiróòlù?

Ní ìyípo 4,500 ní ìṣẹ́jú kan, písítìn ń ti òkè dé ìsàlẹ̀ láàárín ìdá 6.7 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àkókò yìí, nígbà tí písítìn ṣì wà nítòsí òkè, ni iná ti lè tì í dáadáa. Láàárín rẹ̀ ni epo ti ní láti fọ́n ká, kí ó gbóná, kí ó dàpọ̀, kí ó sì jó. Bí ẹ́ńjìnì bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, apá kan epo yóò ṣì máa jó nígbà tí písítìn ti sá lọ sísàlẹ̀, èéfín dúdú àti ooru ni yóò sì di dípò agbára.

Ìwúwo písítìn àti ọ̀pá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì dísẹ́lì ọkọ̀ kékeré kì í kọjá 4,500 sí 5,000. Ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kì í sábà kọjá 2,200. Ẹ̀rọ aṣàkóso, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní gọ́fánọ̀, tàbí kọ̀ǹpútà nínú àwọn ọkọ̀ òde òní, ni ó ń gé epo kúrò bí ẹ́ńjìnì bá dé òpin yìí.

Kí ni ìdí tí jíà òkè ọkọ̀ kékeré oní-dísẹ́lì fi jẹ́ jíà eré ju ti bẹntiróòlù lọ?

Nítorí pé ibi tí agbára dísẹ́lì wà kò jìnnà sí ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dísẹ́lì wa ní jíà òkè tó jẹ́ 0.70 àti jíà ìkẹyìn 3.40: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2.38, nígbà tí ọkọ̀ bá sì ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnì ń yí ní nǹkan bí 2,000, ní àárín gbùngbùn ibi tí ó ti lágbára jù. Kí ọkọ̀ bẹntiróòlù ní 0.85 àti 4.10: àpapọ̀ jẹ́ 3.49, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ń yí ní 2,900 ní eré kan náà. Bí a bá fún ti bẹntiróòlù ní ìwọ̀n jíà ti dísẹ́lì, òkè kékeré kan yóò ti mú kí awakọ̀ padà sí jíà tó wà nísàlẹ̀.

Ohun kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́. Ní eré yẹn, ẹ́ńjìnì dísẹ́lì lè mú 320 Nm wá, ti bẹntiróòlù lè mú nǹkan bí 185 wá. Ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ táyà, ti dísẹ́lì jẹ́ 762 Nm, ti bẹntiróòlù sì jẹ́ 645. Jíà ti gba èyí tó pọ̀ jù padà nínú àǹfààní náà, ó sì ti fi pààrọ̀ ìfarabalẹ̀ ẹ́ńjìnì àti epo tí a kò jó. Ẹni tó ń fi Nm inú ìwé ọkọ̀ méjì wé ara wọn láì wo ìwọ̀n jíà wọn ń ṣi ara rẹ̀ lọ́nà.

Kí ni ìdí tí jíà kìíní dísẹ́lì fi máa ń tètè tán?

Òpin ìyípo ni ó fà á. Ní jíà kìíní, ọkọ̀ dísẹ́lì wa yóò dé nǹkan bí kìlómítà 42 ní wákàtí kan kí ó tó kan 4,500. Ti bẹntiróòlù, pẹ̀lú àpapọ̀ jíà 14.6 àti òpin 6,500, yóò dé 53 bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n jíà rẹ̀ tóbi jù. Awakọ̀ tó ti mọ́ lára láti fa jíà kìíní títí yóò rò pé nǹkan ń ṣe dísẹ́lì. Kò sí ohun tó ń ṣe é. Kò sí èrè kankan nínú fífà á dé òpin, nítorí pé agbára ìyípo rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ tipẹ́ kí ó tó débẹ̀.

Ipa wo ni tọ́bò ń kó nínú ọ̀rọ̀ jíà?

Tọ́bò ń fi agbára èéfín tó ń jáde ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì, bí afẹ́fẹ́ bá sì pọ̀, a lè fọ́n epo púpọ̀ sí i. Láìsí tọ́bò, ẹ́ńjìnì dísẹ́lì jẹ́ onísùúrù tí kò lágbára púpọ̀; agbára ńlá tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ dísẹ́lì lónìí, tọ́bò ni ó gbé e dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí tọ́bò tó lè jí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ní ìsàlẹ̀ 1,500 tàbí níbẹ̀, agbára máa ń já lulẹ̀ lójijì.

Ìyẹn ni pé ààyè tí dísẹ́lì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ògiri ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń ya ìwọ̀n jíà gbọ́dọ̀ rí i dájú pé, nígbà tí awakọ̀ bá kúrò ní jíà kan bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e, ìyípo ẹ́ńjìnì kò ní ṣubú sí ìsàlẹ̀ ògiri ti ìsàlẹ̀ yẹn. Bí àlàfo láàárín jíà kejì àti ìkẹta bá fẹ̀ jù, ọkọ̀ yóò máa sùn fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì lẹ́yìn ìyípadà, pàápàá lórí òkè, awakọ̀ yóò sì máa dá tọ́bò lẹ́bi fún ohun tí jíà ṣe.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí a yí jíà padà nínú ọkọ̀ dísẹ́lì?

Ní ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, kí ọkọ̀ kékeré máa yí padà sí jíà òkè láàárín 2,000 sí 2,500 ti tó. Lórí òkè tàbí nígbà tí ẹrù bá wúwo, ẹ jẹ́ kí ó gòkè díẹ̀ sí i kí jíà tó tẹ̀ lé e lè bá tọ́bò lójúfò. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ni ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí iye gan-an.

Àṣìṣe tó burú jù ni fífi jíà òkè fa ẹrù ní ìyípo tó kéré jù. Nítorí pé dísẹ́lì kì í tètè kú bíi bẹntiróòlù, awakọ̀ lè tẹ ẹsẹ̀ epo mọ́lẹ̀ ní 1,000 kí ọkọ̀ kékeré sì máa wọ́ lọ pẹ̀lú ìgbọ̀nrìrì. Ní àkókò yẹn, agbára tó ń ti písítìn pọ̀ gan-an, ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń gbé kéré nítorí pé ẹ́ńjìnì kò yára, afẹ́fẹ́ kò tó epo, ooru sì ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀rìnnì, fúláíwíìlì (àgbá irin wúwo tó ń mú kí ìyípo ẹ́ńjìnì dọ́gba) àti eyín jíà ni ó ń san gbèsè rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń kérora, ẹ padà sí jíà ìsàlẹ̀. Ìró tó ga díẹ̀ sàn ju ìgbọ̀nrìrì lọ.

Bí dísẹ́lì bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ni ìdí tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá fi nílò jíà 12, 16 tàbí 18?

Èyí ni ìbéèrè tó rú àwọn ènìyàn lójú jù, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú bí ààyè iṣẹ́ ẹ́ńjìnì náà ṣe kéré tó. Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù ọkọ̀ kékeré lè ṣiṣẹ́ láti 1,500 dé 6,000, ìlọ́po mẹ́rin. Dísẹ́lì ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń ṣiṣẹ́ dáadáa láti nǹkan bí 1,000 dé 1,800, kò tó ìlọ́po méjì. Síbẹ̀, ọkọ̀ kan náà gbọ́dọ̀ lè gbéra lórí òkè pẹ̀lú ẹrù tọ́ọ̀nù 40, kí ó sì lè sá kìlómítà 85 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀. Bí àjà bá ga tí ẹsẹ̀ kò sì lè gbé jìnnà, ìgbésẹ̀ àkàbà gbọ́dọ̀ pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Kí jíà kìíní jẹ́ 14.94, kí jíà kejìlá jẹ́ 1, kí jíà ìkẹyìn jẹ́ 2.64, kí ìyípo táyà kan sì jẹ́ mítà 3.2. Ní ìyípo 1,000 ní jíà kìíní, ọkọ̀ náà ń rìn ní nǹkan bí kìlómítà 4.9 ní wákàtí kan, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Bí ẹ́ńjìnì bá mú 2,500 Nm wá, nǹkan bí 98,600 Nm ni yóò dé ọ̀dọ̀ táyà. Ní jíà kejìlá, kìlómítà 85 ní wákàtí kan jẹ́ nǹkan bí ìyípo 1,170.

Láti 14.94 dé 1 ní ìgbésẹ̀ mọ́kànlá, ìwọ̀n jíà kan jẹ́ ìlọ́po 1.28 ti èyí tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá yí padà ní 1,500, ẹ́ńjìnì yóò bọ́ sí nǹkan bí 1,170, ibi tí agbára ìyípo rẹ̀ ṣì kún. Bí ó bá jẹ́ jíà mẹ́fà péré ni a fi bo àlàfo kan náà, ìgbésẹ̀ yóò di ìlọ́po 1.72: láti 1,500, ẹ́ńjìnì yóò já sí 870, tọ́bò yóò sùn, ọkọ̀ tó wà lórí òkè yóò sì ti pàdánù eré kí ẹ́ńjìnì tó gba ara rẹ̀. Ọkọ̀ yẹn kò ní lè gba jíà tó tẹ̀ lé e láéláé lórí òkè náà.

Ṣé jíà 12 tàbí 18 túmọ̀ sí pé jíà 18 ni ó tò sínú jíàbọ́ọ̀sì náà?

Rárá. Jíàbọ́ọ̀sì kékeré méjì tàbí mẹ́ta ni ó tò tẹ̀ lé ara wọn. Nínú oní-jíà 12, jíà mẹ́ta wà ní àárín. Apá kan tó wà níwájú ń pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì tó súnmọ́ ara wọn, apá mìíràn tó wà lẹ́yìn sì ń fún gbogbo wọn ní ìsàlẹ̀ àti òkè. Mẹ́ta lọ́nà méjì lọ́nà méjì ni méjìlá.

Nínú àwọn jíàbọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́ ti ọkọ̀ akẹ́rù Amẹ́ríkà, eyín jíà kò ní ohun tó ń bá wọn mú eré ara wọn dọ́gba, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò mọ ìyípo tó yẹ kí ó tó ti ọ̀pá jíà. Ìmọ̀ ọwọ́ tó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ni. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni ó ń yí jíà padà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tuntun, ó sì lè fo méjì tàbí mẹ́ta bí ọkọ̀ kò bá ní ẹrù.

Kí ni ó yẹ kí a mọ̀ nípa jíà nígbà tí ọkọ̀ dísẹ́lì bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́?

Nínú ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù, bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ á padé, písítìn á sì máa fa òfìfo, èyí tó ń dá ọkọ̀ dúró díẹ̀. Dísẹ́lì kò ní ìlẹ̀kùn yìí fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà ń ti písítìn padà bíi súpíríìnì, a kò sì jèrè púpọ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ akẹ́rù fi ń lo bíréèkì ẹ́ńjìnì: irú kan ń dí ọ̀nà èéfín, irú èkejì, tí Clessie Cummins, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ṣe ìdásílẹ̀ rẹ̀, tí ó sì bọ́ sójú ọjà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ń ṣí fáàfù èéfín (ìlẹ̀kùn kékeré tí èéfín ń gbà jáde) nígbà tí písítìn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè, kí afẹ́fẹ́ tó ti fún pọ̀ lè sá lọ láì ti písítìn padà.

Bíréèkì ẹ́ńjìnì ń lágbára sí i bí ìyípo bá ṣe ń pọ̀ sí i. Nítorí náà ẹ́ńjìnì tó ń fa ẹrù dáadáa ní 1,200 yóò dá ọkọ̀ dúró dáadáa jù ní nǹkan bí 1,800 sí 2,200. Jíà tó tọ́ fún gígun òkè kan kì í ṣe jíà tó tọ́ fún sísọ̀ ọ́ dandan.

Ẹ mú jíà ìsàlẹ̀ kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀. Bí eré bá ti bọ́ lọ́wọ́, kò sí jíà tí yóò wọlé mọ́. Ẹ sì jẹ́ kí ó yé wa pé gọ́fánọ̀ kò lè gba ẹ́ńjìnì là nígbà yìí: epo nìkan ni ó lè gé, táyà ni ó sì ń yí ẹ́ńjìnì, kì í ṣe epo. Ẹ́ńjìnì tí ẹrù tọ́ọ̀nù 40 bá tì kọjá òpin rẹ̀ lè fọ́ fáàfù àti písítìn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ẹ̀mí ènìyàn sì wà nínú ọ̀ràn náà.

Kí ni ìdí tí fúláíwíìlì dísẹ́lì fi yàtọ̀?

Ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́rin, ìyẹn èyí tó ní ihò písítìn mẹ́rin, ń jó epo lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan. Ní 1,200, ìgbà 40 ni ó ń lù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìlù dísẹ́lì sì le ju ti bẹntiróòlù lọ. Bí ìlù yìí bá wọ jíàbọ́ọ̀sì tààrà, eyín jíà yóò máa kan ara wọn pẹ̀lú ariwo. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré oní-dísẹ́lì ń lo fúláíwíìlì alápá méjì tí súpíríìnì wà láàárín wọn. Àwọn jíà eré tí a fi ń rìn ní ìyípo kékeré ni wọ́n mú kí irú rẹ̀ di dandan. Ó wọ́n, ó sì ń gbó, fífi jíà òkè wọ́ ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀ 1,200 sì ni ó ń yára pa á jù.

Ṣé jíàbọ́ọ̀sì aládàáṣiṣẹ́ kan náà lè bá dísẹ́lì àti bẹntiróòlù ṣiṣẹ́?

Ara rẹ̀ lè jọra, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan gbọ́dọ̀ yí padà. Agbára ìyípo tí ó lè gbà gbọ́dọ̀ tó ti dísẹ́lì. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé 4,000 ti súnmọ́ òpin, kì í ṣe àárín. Ẹ̀rọ olómi tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti jíàbọ́ọ̀sì, tó rọ́pò kọ́lọ́ṣì (ohun tí awakọ̀ fi ń ya ẹ́ńjìnì kúrò lára jíàbọ́ọ̀sì), gbọ́dọ̀ bá ìyípo tí tọ́bò ń jí mu; bí ó bá di ẹ́ńjìnì mú kí tọ́bò tó jí, ọkọ̀ yóò lọ́ra láti gbéra.

Báwo ni ti katakata oko ṣe rí?

Katakata ń lo ohun kan nínú dísẹ́lì tí awakọ̀ ọkọ̀ kékeré kì í kíyè sí: bí ìyípo bá ń lọ sílẹ̀ láti òpin, agbára ìyípo ń gòkè. Kí ẹ́ńjìnì kan mú 400 Nm wá ní 2,200, kí ó sì mú 520 wá ní 1,500. Nígbà tí ohun ìtúlẹ̀ bá kan ilẹ̀ tó le, ìyípo á lọ sílẹ̀, ẹ́ńjìnì á sì túbọ̀ dì í mú, láìjẹ́ pé a yí jíà padà. Kìlówáàtì rẹ̀ kàn bọ́ láti 92 sí 82 ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá ẹ̀yìn katakata, tó ń yí àwọn ẹ̀rọ oko, gbọ́dọ̀ wà ní 540 tàbí 1,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ti so ìyípo ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀, jíà nìkan ni ó kù láti fi pinnu eré tí katakata yóò fi rìn. Ìdí nìyí tí jíà rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn kan sì lọ́ra débi pé ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i pé wọ́n ń rìn.

Kí ni ìdí tí ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ òkun ńlá kò fi ní jíàbọ́ọ̀sì?

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin oní-dísẹ́lì, ẹ́ńjìnì ń yí ẹ̀rọ amúnáwá, iná mànàmáná náà sì ń yí mọ́tò tó wà lẹ́bàá àgbá. Mọ́tò lè mú agbára ìyípo tó pọ̀ jù wá nígbà tí àgbá kò tíì yí rárá, ohun tí dísẹ́lì kò lè ṣe. Ẹ́ńjìnì wá lómìnira láti máa yí ní ibi tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ti ọkọ̀ òkun rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi kì í ṣe ilẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí yí láìjẹ́ pé ọkọ̀ ti gbéra. Ẹ́ńjìnì Wärtsilä RT-flex96C onísìlíńdà 14 tó wà nínú ọkọ̀ Emma Mærsk, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2006, ń yí ní 102 péré ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń mú nǹkan bí kìlówáàtì 80,000 wá. Ìyípo yẹn bá abẹ̀bẹ̀ mu, nítorí náà a so wọ́n pọ̀ tààrà. Láti fi irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ rìn sẹ́yìn, a máa ń dá a dúró, a ó sì tún un ṣí kí ó máa yí sí òdìkejì.

Bí mo bá wọ táyà tó tóbi, ṣé ó ń yí jíà padà?

Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo jíà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìyípo táyà bá kúrò ní mítà 2 sí 2.2, ó dà bí ìgbà tí jíà ìkẹyìn 3.40 di 3.09. Dísẹ́lì lè fara da èyí ní ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n ní jíà òkè ìyípo lè já sí ìsàlẹ̀ ibi tí tọ́bò ti ń jí, kọ́lọ́ṣì yóò sì máa gbóná nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra pẹ̀lú ẹrù. Ẹni tó bá fẹ́ táyà ńlá gidi yẹ kí ó pààrọ̀ jíà ìkẹyìn pẹ̀lú rẹ̀. Aago eré náà yóò máa fi iye tó kéré sí òtítọ́ hàn.

Mo fẹ́ gbé ẹ́ńjìnì dísẹ́lì sínú ọkọ̀ bẹntiróòlù. Ṣé mo lè fi jíàbọ́ọ̀sì àtijọ́ sílẹ̀?

Ohun méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Jíàbọ́ọ̀sì tí a ṣe fún 200 Nm yóò gba 320 fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà eyín tàbí bẹ́ẹ̀rìnnì rẹ̀ yóò fọ́. Èkejì, pẹ̀lú àpapọ̀ jíà òkè 3.49, ẹ́ńjìnì dísẹ́lì yóò máa ké ní 2,900 ní kìlómítà 100, yóò sì kan òpin rẹ̀ ní nǹkan bí 155. Jíà kìíní yóò tán kí awakọ̀ tó mọ̀ pé òun ti gbéra. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ni ó ń sọ pé dísẹ́lì ń jẹ epo, tí ó sì ń pariwo. Jíà ìkẹyìn tí wọn kò pààrọ̀ ni ó fà á. Ọ̀nà tó dára jù ni láti gba ẹ́ńjìnì, jíàbọ́ọ̀sì àti jíà ìkẹyìn láti ara ọkọ̀ dísẹ́lì kan náà.

Kí ni ìdí tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tuntun fi ń sá ní ìyípo tó kéré ju ti àtijọ́ lọ, kí sì ni ewu rẹ̀?

Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí lọ́ra, ìwọ̀nba agbára tó ń ṣòfò nínú ìfarakinra ẹ̀yà ara rẹ̀ á dín kù, epo á sì dín kù. Ẹ́ńjìnì òde òní lè mú agbára ìyípo rẹ̀ tó kún wá láti nǹkan bí 1,000, nítorí náà àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti sọ jíà ìkẹyìn di 2.6 tàbí kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kìlówáàtì tí ọ̀nà ń béèrè kò yí padà. Kí ọkọ̀ nílò kìlówáàtì 120 ní kìlómítà 85: ní ìyípo 1,600, 716 Nm ni yóò mú un wá, ní 1,170, ó di nǹkan bí 980. Gbogbo ìyàtọ̀ yẹn ń gba inú ọ̀pá gígùn àti àwọn oríkèé rẹ̀ kọjá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ nípọn sí i. Ẹni tó bá kàn pààrọ̀ jíà ìkẹyìn ọkọ̀ àtijọ́ láti jèrè epo, láì wo agbára ọ̀pá náà àti ibi tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti ń lágbára, yóò padà san owó epo yẹn fún mẹkáníìkì.

Bí dísẹ́lì àti bẹntiróòlù bá ní kìlówáàtì kan náà, èwo ni yóò fa ẹrù jù?

Bí jíà wọn bá jẹ́ kí ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan wà níbi tí kìlówáàtì rẹ̀ ti pọ̀ jù, kò sí ìyàtọ̀. Kìlówáàtì 110 ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń ti ọkọ̀ pẹ̀lú nǹkan bí Niútọ̀nù 4,950 (òṣùwọ̀n agbára títì), yálà ó ti inú dísẹ́lì tó ń yí ní 4,000 wá tàbí bẹntiróòlù tó ń yí ní 6,000.

Ìyàtọ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń wakọ̀ lójoojúmọ́ ní 6,000. Ní 2,000, níbi tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń gbé, dísẹ́lì ti ní èyí tó ju ìdajì kìlówáàtì rẹ̀ lọ lọ́wọ́, bẹntiróòlù tí kò ní tọ́bò sì lè máà tíì ní ìdá mẹ́ta tirẹ̀. Kí bẹntiróòlù tó bá a dọ́gba, awakọ̀ ní láti padà sí jíà ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó sì fara da ariwo rẹ̀. Bẹntiróòlù oní-tọ́bò òde òní ti dín àlàfo yìí kù gan-an, ìwọ̀n jíà wọn náà sì ti ń jọ ti dísẹ́lì.